Ìlérí àti ààlà: bí mo ṣe kọ́ láti ka ìwé ìtọ́kasí Django dé ìsàlẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ní Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, áàpù yín kò gba owó Ìyá Alágbo mọ́. Láti àná ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, ṣe ni ó ń gbé àṣìṣe sí mi lójú. Ẹ tún wá wò ó, orúkọ wọn ti di méjì nínú ìwé ẹgbẹ́." Mo ń gbọ́ ohùn ìyá náà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń béèrè bóyá owó àwọn ṣì wà níbẹ̀. Àyà mi já, nítorí pé mo mọ ohun tí owó àjọ jẹ́ fún ẹni tí ó ń ti ẹ̀yìn igbá ṣa á jọ lójoojúmọ́.

Ètò náà kò díjú. Akọ̀wé yóò kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ àti orúkọ rẹ̀, yóò kọ iye owó tí ó dá, yóò sì tẹ bọ́tìnnì. Bí nọ́ńbà náà bá ti wà nínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí ètò ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, ètò yóò mú ẹni tí ó ni ín jáde. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun. Django, framework tí mo fi ṣiṣẹ́ náà (àkójọ kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ tí a fi ń kọ́ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì), ti pèsè method kan, ìyẹn iṣẹ́ tí a ti kọ sílẹ̀ tí a kàn ń pè, fún irú nǹkan báyìí, get_or_create ni wọ́n ń pè é, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: mú un wá, bí kò bá sí, dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo kọ apá yìí, mo ṣí ojú ìwé QuerySet (orúkọ tí Django fún àkójọ ohun tí a béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì) nínú ìwé ìtọ́kasí Django, mo rí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi John Lennon ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ tí í ṣe ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1940, mo dà á kọ, mo fi ọmọ ẹgbẹ́ rọ́pò John Lennon, mo sì pa ojú ìwé náà dé. Gbogbo rẹ̀ kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Gbólóhùn kan wà lókè àpẹẹrẹ náà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ó sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ara wa kọ kóòdù tí ń wá ènìyàn tí ó sì ń dá a sílẹ̀, tí ìbéèrè méjì sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè gbìyànjú láti fi ẹnì kan pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àti pé get_or_create ni a lè fi yẹra fún èyí. Òtítọ́ ni gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń yí ojú ìwé náà lọ sísàlẹ̀, lẹ́yìn àwọn àpẹẹrẹ mìíràn, a ó kan àpótí kan tí wọ́n kọ Warning sí lórí, ohun tí ó wà nínú àpótí náà sì ni ó pààlà fún ìlérí tí ó wà lókè. Ó ní ìlérí náà dúró bí dátábéèsì fúnra rẹ̀ bá ní òfin tí kò jẹ́ kí iye kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì; bí a kò bá fi òfin yẹn, tí ń jẹ́ unique, sí àwọn field (àwọn àyè bíi nọ́ńbà tàbí orúkọ) tí a fi ń wá nǹkan, ìpè méjì tí ó bá dé papọ̀ lè dá ìlà méjì sílẹ̀.

N kò fi unique sí nọ́ńbà fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọjà kò dára lọ́jọ́ tí Ìyá Alágbo kọ́kọ́ dáwó. Akọ̀wé tẹ bọ́tìnnì, kò rí èsì, ó tún un tẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì dé ọ̀dọ̀ server, kọ̀ǹpútà tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bí ìbejì, ìkíní wo inú dátábéèsì, kò rí ìyá náà, ìkejì wò ó, òun náà kò rí wọn, oníkálukú wọn sì dá ìyá kan sílẹ̀. Àṣìṣe tí ó ń jáde lọ́jọ́ kejì, MultipleObjectsReturned, wà nínú ojú ìwé yẹn kan náà: ó sọ pé bí method náà bá bá ju ẹyọ kan lọ, àṣìṣe yìí ni yóò gbé jáde. Ohun gbogbo tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀, mo sì ti la ojú ìwé náà, mo ti fi ojú mi rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé ìtọ́kasí bí ẹni ń ka ìwé àdéhùn ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́n tí yóò ra ilẹ̀ tí kò ní wo ju orúkọ ẹni tí ó tà á lọ. Yóò béèrè ibi tí ilẹ̀ náà pin sí, ta ni ó pààlà pẹ̀lú rẹ̀, àti ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ tí kò sí nínú owó tí òun san. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àlàyé tí ó wà nínú ìwé ìtọ́kasí: apá kan rẹ̀ jẹ́ ìlérí, apá kan sì jẹ́ ààlà ìlérí náà, àwa tí a ń sáré sì máa ń mú ìlérí, a ó fi ààlà sílẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú ìwé tí mo ń wí. Inú yàrá ìròyìn ìwé-ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni Adrian Holovaty àti Simon Willison ti bẹ̀rẹ̀ Django ní ọdún 2003, wọ́n sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Orúkọ Django Reinhardt, ògbóǹtagí onígìtá, ni wọ́n fi sọ ọ́, D àkọ́kọ́ kì í sì dún lẹ́nu. Ìwé rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin: èyí tí ń mú ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dání láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ń ṣàlàyé kókó ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ń fi bí a ti ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó hàn, àti ìwé ìtọ́kasí gan-an, tí ó ń to class (àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan sílẹ̀ nínú kóòdù) àti method lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ìwé ìtọ́kasí gbà pé ẹni tí ń kà á ti mọ àwọn kókó ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé ìtọ́kasí yìí ni mo gbà wọlé. Mo máa ń kà á, yóò máa tú mi lójú, èmi yóò sì máa rò pé orí mi kò gbé e. Obìnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀gá fún mi nínú iṣẹ́ nígbà náà ni ó là mí lójú. Mo lọ bá wọn, mo ní, "Àǹtí, mo ti ka ojú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, kò yé mi." Wọ́n wo ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ní, "Àbúrò, ìwé atúmọ̀ èdè ni o fi ń kọ́ èdè. Lọ ka Making queries tán ná, kí o tó padà síbí." Mo lọ ka ojú ìwé náà, tí ó wà lára àwọn tí ń ṣàlàyé kókó ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà dé, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti dàbí àfọ̀ṣẹ lójú mi ti di ohun tí mo lè fọwọ́ bà. Títí di òní, bí ojú ìwé ìtọ́kasí kan bá ṣú mi lójú, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi ni pé kókó ọ̀rọ̀ wo ni ẹni tí ó kọ ọ́ gbà pé mo ti mọ̀, n óò sì lọ wá ojú ìwé tí ó ṣàlàyé rẹ̀.

Ohun tí ojú mi ń kọ́kọ́ bà lé báyìí ni ìlà orí, èyí tí àwa oníṣẹ́ yìí ń pè ní signature. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni mo máa ń fò ó lọ sí ibi àpẹẹrẹ. Ti get_or_create rí báyìí:

get_or_create(defaults=None, **kwargs)

Ìlà kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù. Àmì ìràwọ̀ méjì tí ó wà níwájú kwargs ń sọ pé a lè fi iyekíye nǹkan tí ó bá ti ní orúkọ ránṣẹ́, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì ni Django yóò fi wá ẹni náà. Ti defaults yàtọ̀: Django kì í fi í wá ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí kò bá rí ẹni tí ó ń wá, tí ó fẹ́ dá a sílẹ̀, ni yóò tó mú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lò. None tí ó tẹ̀ lé e ń sọ pé a lè fi í sílẹ̀ láìlò. Ẹni tí ìyàtọ̀ yìí kò bá yé yóò kó nọ́ńbà àti orúkọ papọ̀ sí ibi wíwá, tí akọ̀wé bá sì kọ Àbẹ̀kẹ́ lónìí, tí ó kọ ọ́ láìfi àmì sí i lọ́la, ẹni ọ̀tọ̀ ni Django yóò kà á sí, yóò sì tún dá òmíràn sílẹ̀.

Ohun tí ìlà yìí kò sọ ni ohun tí method náà yóò dá padà fún wa. Gbólóhùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó sọ ọ́: nǹkan méjì tí a so pọ̀ ni, ẹni náà fúnra rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tí ń sọ bóyá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, mo gba nǹkan méjèèjì sínú orúkọ kan, mo wá ń béèrè orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Python, èdè tí a fi kọ Django, sì ń dá mi lóhùn pé tuple, ìyẹn nǹkan méjì tí a so pọ̀ náà, kò ní ohun tí ń jẹ́ name. Odidi wákàtí kan ni mo fi wá àṣìṣe náà níbi tí kò sí, nígbà tí ìdáhùn wà nínú gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé ìlà orí.

Àwọn àmì inú ìlà orí yẹ kí ènìyàn jókòó kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ibi gbogbo ni yóò ti máa pàdé wọn. Nínú ìwé Python, ti sorted rí báyìí: sorted(iterable, /, *, key=None, reverse=False). Ohun tí ó wà ṣáájú ìlà tí ó dagun yẹn, ipò rẹ̀ nìkan ni a fi ń fi í ránṣẹ́, a kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo náà, a kò gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́ láìdárúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ èyí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti ń gba owó lórí kóòdù tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn kan náà ni ó tún fi ojú mi rí ààlà mìíràn. Ní ìparí oṣù, ètò mi máa ń wo gbogbo ẹ̀yáwó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti san tán, yóò sì fi method tí ń jẹ́ update sọ gbogbo wọn di "ó ti parí" lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti fi field kan sára ẹ̀yáwó kọ̀ọ̀kan, mo sì fún un ní auto_now, èyí tí ó yẹ kí ó máa kọ àkókò tí nǹkan yí padà kẹ́yìn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Akápò béèrè lọ́wọ́ mi pé ọjọ́ wo ni ẹ̀yáwó kan parí, nítorí pé ẹni tí ó yá a fẹ́ tún òmíràn yá, òfin ẹgbẹ́ wọn sì ni pé kí oṣù kan pé láàárín méjèèjì. Ọjọ́ tí ó wà nínú dátábéèsì jẹ́ ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹyọ kan péré; gbogbo ẹ̀yáwó tí update ti fọwọ́ kàn ni ọjọ́ wọn kò yí padà.

Mo padà sí ìwé. Lábẹ́ update, wọ́n kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ tààrà nínú dátábéèsì, nítorí náà kì í pe save, method tí ń fi nǹkan kọ̀ọ̀kan pamọ́, kì í sì í rán àmì pre_save tàbí post_save sí ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ auto_now, ní ojú ìwé mìíràn pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ìgbà tí a bá pe save nìkan ni àkókò náà yóò yí padà, wọ́n tilẹ̀ dárúkọ update gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí kò ní yí i. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ṣe ìkìlọ̀. Bí mo bá ti ka ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn dé òpin, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí dé iwájú akápò. Method tí ń jẹ́ bulk_create, tí ń dá ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í pe save bákan náà.

Èyí ni ó mú mi máa fi ojú wá àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú ìwé náà: nìkan, àfi bí, kì í, lè, gbọ́dọ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú a sì máa yọ́ kọjá lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ kò fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ó bá kọ pé nǹkan kan "lè" dá ìlà méjì sílẹ̀, ó mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tí yóò dá méjì sílẹ̀, kò kàn mọ̀ pé ọjọ́ tí Ìyá Alágbo dáwó ni.

Ohun kan wà tí mo ń ṣe tí ó ti ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ àlàyé sí ní èdè Yorùbá. Bí mo bá ka àlàyé method kan tán, n óò pa ojú ìwé náà dé, n óò sì kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Bí n kò bá lè kọ ọ́, kò tíì yé mi nìyẹn, bí ó ti wù kí n mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lórí tó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ìwé ìtọ́kasí sọ nípa default, ìyẹn iye tí field yóò ní bí ẹnikẹ́ni kò bá fún un ní nǹkan kan, pé ó lè jẹ́ iye kan tàbí kí ó jẹ́ callable, àti pé bí ó bá jẹ́ callable, a ó máa pè é ní gbogbo ìgbà tí a bá dá ohun tuntun sílẹ̀. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ náà, callable, fún ọdún kan láìdúró lé e lórí. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo kọ "ohun tí a lè pè", mo wo ohun tí mo kọ, ọ̀rọ̀ náà sì ṣí. Bí mo bá kọ default=timezone.now láìsí àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ẹni tí Django yóò máa pè ni mo fún un, ìgbàkigbà tí ó bá sì fẹ́ mọ àkókò, yóò pe ẹni náà, ẹni náà yóò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi àkámọ́ sí i, timezone.now(), èmi fúnra mi ni mo ti pe ẹni náà lójú ẹsẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni mo gbé fún Django. Gbogbo ohun tí a bá wá dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, àkókò tí server bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọn yóò máa gbé kiri, títí a ó fi pa server náà tí a ó tún tàn án. Mo ti rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ènìyàn forúkọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà ní àárọ̀, lójoojúmọ́.

Àpẹẹrẹ mìíràn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ pé QuerySet jẹ́ lazy. Bí mo bá kọ "ọ̀lẹ" sínú ìwé mi, n óò ti ṣì í gbọ́, nítorí pé ọ̀lẹ ni ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò lọ. QuerySet kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé "ó ń dúró de ìgbà tí a bá nílò rẹ̀". A lè fi filter (àṣẹ tí ń ṣa ohun tí a fẹ́ jáde) mẹ́ta sí i lórí, kò ní tíì kan ilẹ̀kùn dátábéèsì. Ọjọ́ tí a bá ní kí ó ka ara rẹ̀ pẹ̀lú len, tàbí tí a bá ń mú ohun inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni yóò tó lọ. Nígbà tí mo ti kọ ọ́ báyìí, àwọn àlàyé mìíràn tí ó dá lórí rẹ̀, bí èyí tí ó sọ ìgbà tí ó dára kí a lo count dípò len, kò ṣòro fún mi mọ́.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò kan tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wá bá mi. Ó ń ṣe ojú ìwé tí ń to orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ogún ogún, kò sì fẹ́ kí ojú ìwé ìkẹyìn máa ní orúkọ kan péré. Ó ti gbọ́ pé paginate_orphans ni a fi ń ṣe é. Ó ní, "Bọ̀dá, mo ti wo ojú ìwé ListView, class tí mo fi ń to orúkọ wọn, látòkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí àlàyé rẹ̀ níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ni?" Mo bi í pé, "Ta ni àwọn òbí ListView?" Ó wò mí. Mo ní kí ó tún ojú ìwé náà ṣí, mo sì fi ibi tí wọ́n kọ Ancestors sí hàn án, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn class tí ListView ti jogún ìwà rẹ̀. Ó tẹ MultipleObjectMixin nínú wọn, ó sì bá ohun tí ó ń wá níbẹ̀, tí ó jókòó jẹ́ẹ́.

Mo rò pé ibi tí ìwé ìtọ́kasí ti ń da ènìyàn láàmú jù nìyí, ó sì yẹ kí àwa tí a jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ máa sọ ọ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ọjọ́ kìíní. Ìwé náà kì í tún ohun tí òbí ti sọ sọ lábẹ́ ọmọ. Nínú agbo ilé Yorùbá, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ kan kì í fi í jẹ irú ẹran kan, kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ń béèrè ìdílé tí ó ti wá, nítorí pé inú ìdílé ni èèwọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni class rí. Ìwé Django tilẹ̀ ní ojú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní flattened index, níbi tí wọ́n ti kó ohun tí ọmọ ní àti ohun tí ó jogún jọ sí ojú kan, àwọn kan sì dá ibùdó Classy Class-Based Views sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ yìí kan náà. Lórí ojú ìwé ListView, ẹ má fojú fo Method Flowchart náà dá. Ó to bí àwọn method ti ń pe ara wọn láti ìgbà tí ìbéèrè bá wọlé títí èsì yóò fi jáde, ẹni tí ó bá sì mọ ìtò yẹn yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àbúrò mi ti ń kọ kóòdù sínú get tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó rí ìtò náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé get_queryset ni ó yẹ kí òun lò.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà nínú àdírẹ́sì ojú ìwé tí ẹ ń kà, kí ẹ sì fi wé èyí tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Google a máa gbé ènìyàn lọ sí ojú ìwé àtijọ́. Function tí ń jẹ́ url, tí ó wà nínú django.conf.urls, tí ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ àtijọ́ ń lò, ti kúrò láti ẹ̀dà 4.0, create_defaults tí ó wà nínú update_or_create kò sì dé títí di ẹ̀dà 5.0. Bí ojú ìwé bá jẹ́ ti ẹ̀dà tí wọn kò tọ́jú mọ́, Django a máa kọ ìkìlọ̀ sí i lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á.

Mo tún gbé odidi ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà mi, nítorí pé Django gbà wá láyè láti kó o wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní alẹ́ tí kò bá sí iná ní àdúgbò wa tí dátà fóònù sì ti tán, mo ṣì lè ka àlàyé tí mo ń wá. Bí àlàyé náà kò bá tíì tẹ́ mi lọ́rùn, n óò ṣí shell, ibi tí a ti ń kọ kóòdù tí yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, n óò kọ help sí orúkọ method náà, tàbí kí n ní kí QuerySet tẹ query rẹ̀ jáde kí n fi ojú ara mi rí SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, tí ó fẹ́ rán lọ.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Alágbo kò tán lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Mo fi unique sí nọ́ńbà fóònù, mo ní kí migrate, àṣẹ tí ń gbé àyípadà wọ inú dátábéèsì, ṣiṣẹ́, dátábéèsì sì kọ̀, nítorí pé àwọn nọ́ńbà tí ó ti di méjì ti wà nínú rẹ̀. A ní láti kọ́kọ́ wẹ ohun tí ó wà níbẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ jókòó ti akọ̀wé nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ méje ni a bá tí orúkọ wọn di méjì. Ó ń ka ìwé lẹ́jà tí ó fi ọwọ́ kọ jáde fún mi, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, èmi náà ń ka ti kọ̀ǹpútà, ibi tí kò bá sì ti bára mu, a ó pe ẹni tí ó ni owó. Nígbà tí a tún un tán ni migrate tó gbà. Òfin tí ó wà lórí nọ́ńbà fóònù kò lè dí owó lọ́wọ́ láti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà mo fún fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, mo sì fi unique sí òun náà.

Ìyá Alágbo wọlé bá wa ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tàwọn ti káàdì àjọ wọn lọ́wọ́. Akọ̀wé kọ owó ọjọ́ náà, mo sì ní kí ó tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì léra léra níṣojú wọn. Orúkọ kan ni ó jáde, owó kan ni ó sì wọlé. Ìyá náà tẹ̀ ba fóònù náà, wọ́n fi ìka wọn tẹ̀ lé àwọn iye tí ó wà lójú rẹ̀, wọ́n ń wo káàdì wọn, wọ́n tún ń wo fóònù, títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní, "Ó pé, ọmọ mi."